Ẹni Tó Jí Ojú Barbara Mímọ́

Ère náà kò lójú mọ́.

Mi ò sọ pé wọ́n ha á, mi ò sì sọ pé imú rẹ̀ kán. Gbogbo ojú ni mo wí, láti iwájú orí títí dé àgbọ̀n: ó ti lọ! Barbara Mímọ́ dúró láàárín àpótí pẹpẹ tó ga tó ọkùnrin méjì tó gun ara wọn léjìká. Ó wọ ẹ̀wù wúrà, ìborí rẹ̀ wà lórí, ilé ìṣọ́ kékeré rẹ̀ wà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ibi tó yẹ kó ti máa wò wá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ìdí àwo.

Rombout, olórí ẹgbẹ́ àwọn ayìnbọn tó ni pẹpẹ náà, ló kọ́kọ́ rí i láàárọ̀. Ó figbe ta. Igbe yẹn! Àwọn ọkọ̀ ojú omi yà kúrò lórí odò Scheldt, wọ́n rò pé ogun wọ Antwerp. Ẹja tó ti kú láti ọjọ́ mẹ́ta yíra padà nínú agbọ̀n. Kí èmi àti ọ̀gá mi tó sáré débẹ̀, wọ́n ti so Gielis tó ń kun ère lókùn, wọ́n ti wọ́ ọ lọ sí àtìmọ́lé.

"Òun ló ni yàrá, òun ló ni kọ́kọ́rọ́, ọrùn rẹ̀ ló sì ń gbé e kọ́," ni Rombout wí. Ó ti wọ ìgbàyà irin tí ó fẹ́ fi ṣe ìwọ́de lọ́la, ó ti fi iyanrìn bó o títí ó fi ń dán bí oòrùn kejì. "Wọ́n ti dájọ́ fún un. Tí agogo ìwọ́de bá dún láàárọ̀ ọ̀la, kí a tó gbẹ́sẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á kúrò lára rẹ̀ ní gbàgede ọjà. Òfin ni: ẹni tó bá gé ère ẹni mímọ́, ọwọ́ tó fi gé e ni a ó gé."

"Ọ̀la kẹ̀?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Ọ̀la gan-an, ọjọ́ Barbara Mímọ́. Wouter, jọ̀ọ́, má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o!"

Ọ̀gá mi, Wouter Kerremans, ni igbákejì olórí agbófinró ìlú. Èmi Coppen ni mò ń ru okùn àti àtùpà tẹ̀lé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín: òjòwú tó tó ọ̀gá mi kò sí láti ibí títí dé ibi tí Ọlọ́run dá ilẹ̀ dúró sí. Ìyàwó rẹ̀, Beatris, rẹwà, ìyẹn gan-an sì ni àìsàn ọ̀gá mi. Ó ti bá alágbẹ̀dẹ àdúgbò jà nítorí pé ó kí Beatris. Ó tún ti bá alágbẹ̀dẹ kan náà jà nítorí pé kò kí Beatris. Nígbà òtútù tó kọjá, ó bínú sí ìrọ̀rí obìnrin náà, ó ní orí rẹ̀ ń pẹ́ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọpọlọ tó fi ń jowú yẹn náà ló fi ń mú ọ̀daràn, kò sì sí ẹni tó mọ bí a ti ń fura jù ú lọ.

Ọkùnrin kan tún wà nínú yàrá náà: Adriaen Stoop, agbẹ́gilére tó gbẹ́ gbogbo ère inú àpótí náà. Ó dúró ti ààrò, ó di ẹ̀wù onírun rẹ̀ mọ́ àyà ṣinṣin. Yàrá yẹn gbóná débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n bọ́ awọ ara mi kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, nítorí Gielis kì í jẹ́ kí iná kú níbi tí wúrà bá wà. Òógùn ń ṣàn létí Adriaen, kò sì tú bọ́tìnì kan.

"Ẹ kú ọ̀fọ̀ o, Ọ̀gá Adriaen," ni ọ̀gá mi kí i.

"Iṣẹ́ ọdún méjì," ni Adriaen dáhùn, tí ohùn rẹ̀ sì gbẹ. "Ọdún méjì ni mo fi gbẹ́ ẹ. Ọkùnrin yẹn kàn wá gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀..."

"Kí ni Gielis máa fi ojú ère ṣe?"

Rombout ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ. "Owú ni! Gbogbo ìlú ń pariwo Adriaen, Adriaen. Ta ló ń dárúkọ ẹni tó kùn ún? Ẹ wò ó, igi líle nìyí. Ẹni tó máa gé odindi ojú kúrò lára rẹ̀, òru gbogbo ló máa fi gé e, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ gbà, gbà, gbà. Ta ló ń dá sùn nísàlẹ̀ yàrá yìí? Gielis. Ṣé ó tún kù?"

"Àwọn wo ló wọlé síbí lánàá?"

"Kathelijne, ìyàwó Adriaen, wá láàárọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá." Mo rí eyín Adriaen tó ń run ara wọn bí ọlọ nígbà tí Rombout sọ ìyẹn. "Pieternelle ẹlẹ́ja wá lọ́sàn-án. Adriaen fúnra rẹ̀ gbé ère baba Barbara wá ní ìrọ̀lẹ́, Gielis sọ̀ kalẹ̀ lọ fa bíà fún un, wọ́n mu ún, ó lọ. Ère Barbara wà lábẹ́ aṣọ ní gbogbo ìgbà yẹn, kí eruku má baà bà á. Èmi ni mo ṣí aṣọ náà láàárọ̀ yìí."

Ọ̀gá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó fi ojú gbálẹ̀ yàrá náà bí ajá tó ń wá egungun. Ó ha nǹkan kan nílẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

"Coppen, kí nìyí?"

"Ẹfun ni, ọ̀gá." Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Gielis máa ń fi ẹfun àti gọ́ọ̀mù bo igi kí ó tó fi wúrà àti ọ̀dà lé e.

"Kí ni kò sí níbẹ̀?"

"Oúnjẹ àárọ̀ mi, ọ̀gá."

Ó sọ fìlà lù mí. "Wọ́n ti gbálẹ̀ níbí láàárọ̀ yìí?"

"Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan ìgbálẹ̀," ni Rombout dáhùn.

Ọ̀gá mi dìde, ó tẹjú mọ́ etí ìborí ère náà. Ó fi èékánná fa fọ́nrán kan jáde níbẹ̀, ó wé e mọ́ ìka, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá sí ìlú mìíràn.

*

A kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán nígbà tí Pieternelle ẹlẹ́ja pàdé wa lórí àtẹ̀gùn, ó káwọ́ lérí.

"Ojú mi o! Wọ́n ti jí ojú mi lọ!"

"Ìyá Pieternelle," ni mo wí, "ojú yín ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀bi ta ni?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ, Coppen, ìwọ ọmọ tí ìyá rẹ̀ bí sínú àwọ̀n! Èmi ni Adriaen wò kó tó gbẹ́ Barbara. Nígbàkígbà tó bá ra ẹja lọ́wọ́ mi, ó máa ń wò mí báyìí." Ó fi bí ó ti ń wò ó hàn wá. Mo rò pé ẹja ló ń yẹ̀ wò bóyá ó ti rà.

"Ta tún ló ń sọ pé òun ni?" ni ọ̀gá mi bi í.

"Ta ni kò sọ ọ́? Ìyá alákàrà tó ní irùngbọ̀n sọ pé òun ni. Àwọn kan tiẹ̀ ní ó jọ Beatris tiyín." Ojú ọ̀gá mi yí, ó pọ́n, ó funfun, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di búlúù. "Ṣùgbọ́n ẹ lọ bi Kathelijne. Níbi kànga, lójú gbogbo wa, ló ti búra pé tí àáké bá bọ́ sí òun lọ́wọ́, òun á la ojú yẹn sí méjì."

*

Kathelijne ń tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ lẹ́yìnkùlé. Ó ń tu ú bí ẹni tó mọ pẹ́pẹ́yẹ náà rí.

"Mo sọ bẹ́ẹ̀," ló wí kí a tó jókòó. "Mo lè tún un sọ. Ẹ fẹ́ kí n kọ ọ́ lórin?"

"Àáké dà?"

Ó nà án sí ọ̀gá mi. Ẹnu àáké náà ti kú, kò lè gé bọ́tà. Ọ̀gá mi dá a padà.

"Kí lẹ máa ń lọ ṣe lọ́dọ̀ Gielis lójoojúmọ́?"

"Mo máa ń lọ wò ó."

"Wo Gielis?"

"Gielis bọ̀ọ̀! Ọkùnrin tó ń rùn bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n sè? Obìnrin yẹn ni mò ń lọ wò." Ó ju ìyẹ́ sílẹ̀. "Ọdún méjì, Bàbá Wouter. Ọdún méjì ni ọkọ mi kò fi wo ojú mi. Tó bá ń jẹun, igi ló ń wò. Tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń fi àtàǹpàkò pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ igi. Mo wá ń lọ wo ẹni tó gba ọkọ mi lọ́wọ́ mi. Mo ní kí n rí àbùkù kan lójú rẹ̀, ẹyọ kan péré. Mi ò rí i. Tí mo bá bi Gielis pé ta ni obìnrin náà, ẹ̀rín ló máa ń rín. Ẹ̀yin ọkùnrin! Tí mo bá mọ ilé tó ń gbé!"

"Ṣé ẹ ní dígí nílé yìí?" ni ọ̀gá mi béèrè.

"Dígí? Èmi tí mò ń tu pẹ́pẹ́yẹ, ṣé ìyàwó ọba ni mí ni?"

Ọ̀gá mi dúpẹ́, ó fà mí jáde.

"Ọ̀gá, obìnrin yẹn ni!" ni mo wí. "Ó jẹ́wọ́ fún wa tán."

"Ó jẹ́wọ́ owú. Ṣé o rí ojú àáké kankan lára ère náà? Gbé ẹsẹ̀ rẹ."

*

Nínú àtìmọ́lé, Gielis jókòó sórí koríko gbígbẹ, ó ń wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọmọ tó máa rìnrìn àjò láàárọ̀.

"Ìwọ lo ṣe é?"

"Èmi kọ́."

"Ta ló ṣe é?"

"Mi ò mọ̀."

Ọ̀gá mi tú fọ́nrán náà kúrò níka. "Aṣọ ọ̀gbọ̀ nìyí. Etí ìborí Barbara ni mo ti fà á yọ, lábẹ́ ẹfun. Ìgbà wo lẹ̀yin tó ń kun ère máa ń lẹ aṣọ mọ́ igi?"

Gielis gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bóyá igi náà sán."

"Ó wá sán yí ojú po, bí ìdérí ìkòkò? Gielis, ibi tí igi méjì bá ti pàdé lẹ máa ń lẹ aṣọ mọ́, kí ojú ìpàdé wọn má baà là. Ojú Barbara àti ara rẹ̀ kì í ṣe igi kan náà. Àbí irọ́ ni mo pa?"

"Ẹgbẹ́ àwa tó ń kun ère ti mú mi búra," ni Gielis wí. "Ohun tí mo bá rí lábẹ́ ọ̀dà, abẹ́ ọ̀dà ló máa wà."

"Wọ́n máa gé ọwọ́ rẹ lọ́la, arákùnrin."

"Mo gbọ́ ọ." Ó ká ìka rẹ̀ wọlé, ó tún ṣí wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n pọ́n àáké náà dáadáa."

Nígbà tí a jáde, a rìn títí a fi dé etí odò.

"Coppen, àmì wo ni ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére máa ń fi irin gbígbóná tẹ̀ sára igi kí ó tó kúrò lọ́wọ́ ẹni tó gbẹ́ ẹ?"

"Àmì ọwọ́ ni. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sára igi tó jẹ́ ẹyọ kan, tí kò lábùkù."

"Tí igi bá wá ní kókó ńkọ́, tí kókó náà sì bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni mímọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀! Iṣẹ́ bàjẹ́ nìyẹn. Wọ́n á sun ún."

"Adriaen kò jẹ́ kí wọ́n sun ún. Ó gbẹ́ ojú náà kúrò, ó gbẹ́ òmíràn sára igi mìíràn, ó fi ìṣó igi kàn án mọ́ ọn, ó tàn wọ́n jẹ. Gielis rí i nígbà tó fẹ́ kùn ún. Ọ̀rọ̀ kan péré lẹ́nu Gielis ì bá lé Adriaen kúrò nínú iṣẹ́ títí láé. Gielis lẹ aṣọ mọ́ ọn, ó dákẹ́. Ní báyìí tí ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ lọ, ó ṣì dákẹ́." Ó gbá mi lórí. "Kí ni kò sí nílẹ̀ yàrá yẹn?"

Ó yé mi wàyí. "Èérún igi! Ẹfun ló wà nílẹ̀, èérún igi kò sí!"

"Kò sẹ́ni tó gé igi. Ẹnì kan fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ la ẹfun àti aṣọ yípo, ó sì ṣí ojú náà bí ẹni ṣí ìkòkò ọbẹ̀. Báwo ni ìyẹn ṣe máa ń pẹ́ tó?"

Mo ronú. "Kò ju kí ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ lọ fa bíà kó sì gòkè padà."

"Ọmọ mi," ni ọ̀gá mi wí. Ọjọ́ kan ṣoṣo nìyẹn tó pè mí bẹ́ẹ̀.

"Ṣùgbọ́n ọ̀gá, kí ló máa mú Adriaen jí iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀?"

"Ìyẹn," ni ọ̀gá mi dáhùn, "kì í ṣe ohun tí gbogbo ọkùnrin lè mọ̀. Èmi mọ̀ ọ́n."

*

Ní ọ̀sán yẹn, a pé sí ìsọ̀ Adriaen: Rombout pẹ̀lú ìgbàyà irin rẹ̀, Kathelijne tí ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ṣì wà lórí rẹ̀, Adriaen nínú ẹ̀wù onírun, èmi, àti ọ̀gá mi tó ń rẹ́rìn-ín bí oyin.

"Ọ̀gá Adriaen, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. A máa tú Gielis sílẹ̀. Ẹ̀yin máa gbẹ́ ojú tuntun, Gielis á kùn ún. Kí ó lè kùn ún dáadáa, ìyàwó yín á lọ máa jókòó níwájú rẹ̀ nínú yàrá yẹn, láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ní ètè obìnrin le púpọ̀ láti kùn. Gielis ní búrọ́ọ̀ṣì nìkan kò tó o, nígbà mìíràn ó máa ń fi ìka..."

"Kò jẹ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀!" Adriaen ké, àwọn irin ìgbẹ́gi jábọ́ lára ògiri. "Kò tún ní fọwọ́ kàn án mọ́!"

"Mọ́?" ni ọ̀gá mi béèrè wẹ́rẹ́. "Ìgbà wo ló ti fọwọ́ kan ìyàwó yín?"

Adriaen fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù onírun rẹ̀ mú.

"Coppen," ni ọ̀gá mi wí, "bá mi kí Ọ̀gá Adriaen dáadáa láyà."

Mo fi gbogbo agbára mi gbá a láyà. *Kọ́!* Mo ti gbá ọ̀pọ̀ ènìyàn láyà rí, nínú ìjà àti nínú eré, ṣùgbọ́n àyà tó dáhùn bí ilẹ̀kùn, ìyẹn ni àkọ́kọ́. Mo tún gbá a. *Kọ́! Kọ́!* "Ta ló wà nílé o?" ni mo pariwo.

Ọ̀gá mi tú ẹ̀wù náà fúnra rẹ̀. Ojú Barbara Mímọ́ wà lábẹ́ rẹ̀, Adriaen fi aṣọ dì í mọ́ àyà rẹ̀. Ó rẹwà débi pé inú mi bà jẹ́. Gbogbo ọ̀dà rẹ̀ pé, àfi ètè. Adriaen ti fi ọ̀bẹ ha ètè rẹ̀ títí dé igi funfun.

"Olè máa ń ta ohun tó jí," ni ọ̀gá mi wí. "Ọ̀tá máa ń jó o níná. Ṣùgbọ́n ẹni tí owú ń pa kò lè tà á, kò lè jó o, kò sì lè fi í sílẹ̀ sí ibi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ó gbọ́dọ̀ máa gbé e kiri." Ó ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù tirẹ̀, ó fa bàtà obìnrin kan jáde, ti ẹsẹ̀ òsì. "Beatris kò lè jáde nílé láìní bàtà òsì. Nítorí náà ni mo ṣe mọ̀."

A wo bàtà náà.

"Baba Barbara tì í mọ́ ilé ìṣọ́ kí ọkùnrin kankan má baà rí i," ni ọ̀gá mi tún wí. "Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ìtàn náà, Adriaen, ẹ̀yin náà lẹ wá tì í mọ́ inú ẹ̀wù."

"Ó ń fi ọ̀dà pupa pa á lẹ́nu," ni Adriaen wí. Omijé ń bọ́. "Mo rí i. Ó ń pa á, ó sì ń súfèé. Òfin kò jẹ́ kí èmi tí mo gbẹ́ ẹ kùn ún. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo àwọn ayìnbọn á máa wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, wọ́n á máa wò ó."

"Ẹ fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀?"

"Ọwọ́ yẹn ló fi pa á lẹ́nu."

"Ọwọ́ yẹn náà ló fi lẹ aṣọ bo àléébù yín mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó gba ara rẹ̀ là. Kò sọ ọ́, nítorí yín."

Adriaen jókòó sílẹ̀ láàárín èérún igi bí àpò tí wọ́n tú.

Rombout ti fa idà yọ. "Ọwọ́ tirẹ̀ ló máa lọ nígbà náà!"

Kathelijne kígbe. Ọ̀gá mi gbé ojú náà sókè. "Rombout, òfin ní ẹni tó bá gé ère. Fi ìka yí i ká. Ibo ni wọ́n ti gé e?"

Rombout fi ìka yí i ká. Kò rí ibì kankan. "Àléébù yẹn ńkọ́? Màá fi tó ẹgbẹ́ àwọn agbẹ́gilére létí!"

"Lọ fi tó wọn létí. Wọ́n á sun ère náà ní gbàgede, ìwọ á sì ru àpótí òfìfo ṣe ìwọ́de lọ́la. O á dùn ún wò gan-an nínú ìgbàyà yẹn."

Rombout wo ìgbàyà rẹ̀. Ó mí kanlẹ̀. "Ṣé ó lè lẹ̀ padà kí agogo tó dún?"

"Bí ẹ bá yára tú Gielis sílẹ̀."

Kathelijne kò gbọ́ ìyẹn. Ó ti gba ojú náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, ó ń wò ó.

"Adriaen," ló wí, "sọ fún mi báyìí, lójú gbogbo wọn. Ta ni obìnrin yìí?"

Adriaen gbójú sókè, ẹnu yà á. "Báwo lo ṣe ń bi mí bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni?"

"Ìwọ ni."

Kathelijne fẹ́ gbá a létí, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì yí i sí ìgbàyà irin Rombout tó ń dán bí omi. "Rombout, má mí."

Rombout kò mí. Kathelijne wo àyà ọkùnrin náà. Ó gbé ojú igi sí ẹ̀gbẹ́ ojú ara rẹ̀. Ó wo èkíní, ó wo èkejì. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Rombout ti ń di àlùkò nítorí àìmí, ẹnikẹ́ni kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ọdún méjì," ni Kathelijne sọ jẹ́ẹ́. "Ọdún méjì ni mo fi ń bú ara mi níbi kànga."

Ó wá gbá Adriaen létí, ó fún un ní èyí tó tó ti ọdún méjì.

*

Gielis kun ètè náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Kathelijne jókòó níwájú rẹ̀, ó ṣe ẹnu ṣùù. Adriaen ló gbé abọ́ ọ̀dà pupa dání fún un, àṣẹ ìyàwó rẹ̀ ni. Eyín rẹ̀ ń run ara wọn débi pé mo bẹ̀rù pé kò ní ku eyín kan tí yóò fi jẹ pẹ́pẹ́yẹ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Barbara Mímọ́, agogo dún. Gielis wà níwájú ìwọ́de, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló fi gbé ọ̀pá àsíá, ó ń jù ú sókè sódò kí gbogbo ayé lè rí i. Ọ̀gá mi ń kí àwọn èrò, ó ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí Beatris wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ó wọ bàtà ara rẹ̀ ní ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ó sì wọ bàtà alágbẹ̀dẹ ní ẹsẹ̀ òsì.

Ọ̀rọ̀ àléébù yẹn kò tíì jáde títí di òní, ẹ̀yin náà ẹ má sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ máa mọ Adriaen Stoop. Kathelijne ní ojú kan ṣoṣo ni ọkọ òun máa wò láti ìsinsìnyí lọ, kì í sì í ṣe èyí tí a fi igi gbẹ́. Òun nìkan ló ń kọ ẹ̀yìn sí pẹpẹ nígbà àdúrà, tí ìyàwó rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ tí ó dojú kọ ọ́. Nígbà mìíràn, mo máa ń rí Kathelijne tó ń gbójú sókè lórí èjìká ọkọ rẹ̀, tí ó ń fi ìkanra wo Barbara Mímọ́, bí ẹni tó ṣì ń wá àbùkù lójú rẹ̀.